Ìlù Wà ní Àjàṣẹ́, Kọ́kọ́rọ́ Wà ní Ìlaròó

Tí ẹ bá dé Ìlaròó tí ẹ ń béèrè Ọ̀gbẹ́ni Micah Ìbítóyè, wọ́n lè sọ fún yín pé àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ béèrè Bàbá Jáàsì. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lójú títì gan-an á fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, á mú yín dé ẹnu ọ̀nà wa, á sì dúró wo ohun tí ẹ wá rà.

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Ìyàwó mi ló máa ń pè mí, bí bàbá àgbà ṣe ń pe ọmọ ọmọ rẹ̀. Èmi náà a máa pè é ní ọkọ mi, pàápàá tí ẹran inú àwo rẹ̀ bá tóbi ju tèmi lọ. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà ní ilé ìwé ìjọ, iṣẹ́ náà kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ títí di òní. Tí ẹ bá kí i pé "ẹ káàárọ̀" nígbà tí aago méjìlá fi ìṣẹ́jú kan kọjá, á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á wò yín, á ní, "Ẹ káàsán."

Ìlù òyìnbó àlòkù ló ń tà. Jáàsì ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa: àkójọ ìlù tí ẹ máa ń rí ní igun ṣọ́ọ̀ṣì, tí onílù á jókòó sáàárín wọn bí ẹni tó pàtẹ ọjà yí ara rẹ̀ ká, tí ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́. Èyí tó tóbi jù nínú wọn, tó máa ń dúró sórí ilẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lù, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ni Bàbá ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìlù ẹlẹ́sẹ̀ sọ́kàn, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó wọn wá sí èbúté Kútọnu, pọ̀ mọ́ fíríìjì àti táyà àlòkù. Rájí, ọ̀rẹ́ Bàbá tó ní ìsọ̀ ní Àjàṣẹ́ ní ìhà kejì bọ́dà, á lọ ra tirẹ̀ níbẹ̀. Bàbá á gba Ìdìrókò kọjá ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, á jẹun lọ́dọ̀ Rájí, wọ́n á bú ara wọn dáadáa, á sì di ìlù méjì mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ bọ̀ wálé. Ọdún 1994 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá délé, á tú ìlù náà palẹ̀, á fi sáńpépà ha á lára, á kùn ún ní funfun, á sì fa ìlà wúrà yí etí rẹ̀ ká. Tí ẹ bá rí jáàsì funfun onílà wúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kankan láti Ìlaròó dé Ayétòrò, dé Òkè-Ọ̀dàn, ẹ ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ mi.

Nígbà tí àrùn Kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì jọ lé mi wálé ní ọdún 2020, mo bá Bàbá nínú ìsọ̀ tó kún fún ìlù tí ẹnikẹ́ni ò rà. Àwọn akọrin ìsinsìnyí ti ń wo jáàsì tuntun láti Ṣáínà lórí fóònù. Ìka kan ni wọ́n fi ń rà á, wọ́n á sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì fún wọn.

Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká gbé ọjà tiwa náà síbẹ̀."

Mo ya fọ́tò èyí tó funfun jù, mo gbé e sí Fesibúùkù, ní ojú ewé àwọn òyìnbó tó fẹ́ràn ìlù àtijọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mẹ́rìnlá ti sọ̀rọ̀ sí i. Bàbá wọ awò rẹ̀, ó jókòó tì mí.

"Ka ohun tí wọ́n wí."

"Ẹni àkọ́kọ́ ní, 'Áà! Ta ló kun ìlù yìí?'"

"Sọ fún un pé èmi ni. Sọ pé ìpele ọ̀dà mẹ́ta ló wà lára rẹ̀."

"Ẹnìkejì kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé ojú tó ń sunkún síbẹ̀. Ẹnìkẹta ní ká bá òun kí ẹni tó pa á."

"Tó pa kí ni?"

"Ìlù yẹn, Bàbá. Ó ní ìlù ọdún 1965 ni. Ó ní ká ní a fi ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ bó ṣe wà ni, òun ì bá rà á ní ìlọ́po mẹ́wàá."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀. Ó wo àwọn ìlù funfun tó tò sí ara ògiri, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ẹni tó ń ka orúkọ ọmọ kíláàsì tí kò wá sílé ìwé.

"Ìdọ̀tí," ó ní. "Láti 1994 ni mo ti ń ra ọṣẹ."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìhà mú. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹyọ kan wà tí mi ò ní fi ọ̀dà kàn láéláé. Ìyẹn sì wà ní Àjàṣẹ́."

Mo ti gbọ́ ìtàn ìlù yẹn láti kékeré, ní àbọ̀ àbọ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ tán.

Ní ọdún 1979, Bàbá àti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ní Ìlaròó, wọ́n ń lu jáàsì níbi ìgbéyàwó. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ wọn dú bí aró. Ó ku ọ̀la kí wọ́n lọ ṣeré ni awọ rẹ̀ fà ya. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́, irin kékeré tí wọ́n fi ń yí bóòtù ara ìlù, di awọ tuntun títí, kò le. Bó ti ń le níhìn-ín ni ó ń rọ̀ lọ́hùn-ún. Edith, ìyá àgbà mi, tí wọn ò tíì ṣe ìgbéyàwó tó ọdún kan, gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà lòun náà. Kí ó tó fi awọ bo ìlù náà, ó mú pẹ́ńsù ìmáàkì rẹ̀, ó kọ nǹkan sí ara pákó nínú ìlù, ó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ rí i lẹ́ẹ̀kan fìrí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì dé e.

Ní 1986, owó oṣù tíṣà kò jáde fún oṣù bíi mélòó kan. Wọ́n ta ìlù náà fún ẹgbẹ́ olórin kan láti Kétu, ní ìhà kejì bọ́dà. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ló bá wọn fi okùn dì í mọ́ ọkọ̀. Ó kú ní 2011. Ikán ti jẹ gbogbo lẹ́tà tó kọ sí Bàbá nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Àwòrán rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò sí níbì kankan mọ́ lórí ilẹ̀ ayé, àfi inú ìlù yẹn.

"Kí ló kọ, Bàbá?"

Ìyá mi ti máa ń sọ pé ẹsẹ Bíbélì ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú ìgbéraga, pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn ó wo ilẹ̀.

"Orúkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mi náà wà níbẹ̀. Ohun tó wà láàárín, mi ò rántí mọ́."

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo wa rò pé òwò ló ń gbé e lọ sí Àjàṣẹ́ fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Gbogbo ìlù aláró tó bá rí níbẹ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún, tí á di ojú kan, tí á fi ojú kejì yọjú wọ ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ní ìhà rẹ̀. Rájí máa ń ní, "Tíṣà, ṣé o tún ń wo tẹlifíṣọ̀n ni?"

Ní oṣù keje ọdún 2019, ó yọjú, ó sì rí i. Àpá iná àtùpà tí òun fúnra rẹ̀ fi jó o lára ṣì wà níbẹ̀, bó ṣe wà láyé ọjọ́un. Nínú òkùnkùn ihò náà, ó rí ìlà pẹ́ńsù tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Kò lè kà á.

"Kí ló dé tí ẹ ò ṣí i níbẹ̀?"

"A kì í ṣí ìlù tí a kò tíì san owó rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe òwò wọn nìyẹn. Wọn kì í gba àsansílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìlù kan, tó fẹ́ lọ wá owó rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń di awọ ìlù náà ló máa mú lọ. Ìlù tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí nílé ti ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá tà á fún ẹlòmíràn, kò sí oníṣòwò ìlù tó máa bá a dá ọjà mọ́ láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kétu. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá padà, owó àti ìlù á pàdé lójúkojú.

Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ, ìjọba ti bọ́dà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè lọ́hùn-ún, ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò ni. Àwa, ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n tì. Wọ́n ní kí epo bẹntiróòlù má dé àwọn ilé epo tó sún mọ́ bọ́dà. Ìrẹsì di ohun tí èèyàn ń fi aṣọ bò lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Bàbá wọ aṣọ lọ sí Ìdìrókò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dá a padà. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ okùn, ó fi sọ́rùn lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Tí ìròyìn aago méje bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò, tí wọ́n bá dárúkọ bọ́dà, gbogbo ilé á dákẹ́; adìẹ pàápàá mọ̀ pé kí òun má ṣe ké.

Mo ní, "Ọkọ mi, ọ̀nà igbó wà ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Ọlọ́kadà á gbé e wá fún yín láàárín wákàtí mélòó kan."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ní kí n lọ kúnlẹ̀ sí iwájú kíláàsì. "Edith tó fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Òfin Mẹ́wàá? Kí n wá gbé e gba inú igbó bí àpò ìrẹsì? Ìyàwó mi kò ní wọlé bí ẹrù fàyàwọ́."

"Ẹ jẹ́ kí Rájí ṣí i nígbà náà, kó ya fọ́tò rẹ̀."

"Rárá. Ọwọ́ mi ló máa ṣí i."

Ibi tí mo ti ṣe ohun tí mi ò yẹ kí n ṣe nìyí. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí.

Rájí ní ọmọbìnrin kan, Gbọ́lá, aránṣọ, tó ti gbé ọjà bàbá rẹ̀ sí Fesibúùkù nígbà tí àwọn oníbàárà láti ìhà tiwa ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Nínú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò rẹ̀, mo rí ìlù aláró kan tó fara pamọ́ lẹ́yìn. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́wàá tí kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́rùn Bàbá. Ṣé Rájí kò ní ta ìlù yìí mọ́ wa lọ́wọ́? Mo bá di òyìnbó. Mo ní Monsieur Bernard ni mí, mo fi àwòrán bàbá arúgbó kan tó gbé ajá dání síbẹ̀, mo ní kí fóònù bá mi sọ Yorùbá mi di Faransé. Bernard ní òun fẹ́ ìlù aláró ẹ̀yìn yẹn. Ó dá iye owó tó lè ra ọ̀kadà tuntun.

Gbọ́lá fèsì pé kí Monsieur má bínú, ìlù yẹn ti ní ẹni tó ni ín, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí nílé.

Bernard sọ ọ́ di ọ̀kadà méjì.

Gbọ́lá ní, "Monsieur, ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ní kọ́kọ́rọ́ kò sí nílé. Ẹ ra èyí tó pupa."

Mo yí sílẹ̀ lórí ẹní, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Inú mi dùn. Mo sùn fọnfọn lọ́jọ́ náà, torí ìlù Bàbá wà lọ́wọ́ olóòótọ́.

Ohun tí mi ò rò ni pé Gbọ́lá náà ní ojú inú. Ìlù wo ni òyìnbó ń fi owó ọ̀kadà méjì bẹ̀ fún báyìí? Ó gbé ìlù náà jáde síta, ó ya á lọ́tùn-ún, ó ya á lósì, ó gbé e sí ojú ewé tí èmi fúnra mi gbé ti Bàbá sí, ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sọ iye rẹ̀. Rájí kò kun ìlù rí láyé rẹ̀. Ọ̀lẹ ni, òun náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí ogójì ọdún wà lára ìlù yẹn láìdín. Ní oṣù kẹwàá, òyìnbó gidi kan dìde láti Brussels, kò ní ajá, kò sì ṣàwàdà. Owó tó dá kọjá gbogbo ohun tí Bernard sọ, kọjá ohun tí owó ìfẹ̀yìntì tíṣà lè bá dù.

Ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, fóònù Bàbá dún. Èmi ni mo máa ń bá a tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Tíṣà."

"Rájí, olè Àjàṣẹ́. Ṣé o ò tíì kú?"

"Mò ń dúró kí o ṣíwájú, kí n lè wá jẹ ìrẹsì rẹ. Ṣé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà lọ́rùn mi."

"Òyìnbó kan fẹ́ ìlù yẹn."

Bàbá fi ọwọ́ kan àyà. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kọ́kọ́rọ́ ò sí nílé. Ohun tí Gbọ́lá sọ fún Bernard náà nìyẹn."

"Ta ni Bernard?"

"Òyìnbó kan tó kọ́kọ́ wá, tó la Gbọ́lá lójú. Faransé rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù."

Mo dìde kí n lọ gbá yàrá tí mo ti gbá láàárọ̀.

"Dinah," ni Bàbá wí, láì wẹ̀yìn. "Jókòó."

Rájí ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. "Mi ò pè láti bẹ̀ ọ́ o. Mo pè kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Tí o bá ní kí ìlù yìí dúró, ó dúró. Gbọ́lá ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ojú mi fún ọ, mo ní mi ò ní sọ ọ́."

"Kí ló ṣe ojú rẹ?"

"Mo ní mi ò ní sọ ọ́."

"Rájí."

"Ó ti ń funfun láti èṣí. Dókítà ní Kútọnu ní iṣẹ́ abẹ ni, kí ó má pẹ́. Ìsọ̀ sì rèé, ẹ̀yin tí ẹ ń rajà lọ́wọ́ mi, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ yín."

"Báwo lo ṣe ń ríran báyìí?"

"Ọwọ́ ni mo fi ń ríran. Lánàá, mo kí ẹnì kan dáadáa, mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ. Aṣọ tí Gbọ́lá sá sórí okùn ni."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tán lẹ́ẹ̀kan náà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì.

"Jẹ́ kí n rò ó," ni Bàbá wí.

Nígbà tí fóònù ti kú, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ó tó yí ojú sí mi.

"Bernard," ó ní. "O ò tiẹ̀ wá orúkọ tó dáa."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Rájí máa dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Èmi ni mo fi iye ìlù náà hàn wọ́n."

"Iye rẹ̀?" Ó dìde, ó di ọwọ́ ara àga mú kó tó nàró. "Ìwọ, Bernard, ará Brussels, kò sí ẹni tó mọ iye rẹ̀ nínú gbogbo yín."

Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò pè mí ní ìyàwó mi. Dinah ni. Dinah, bu omi wá. Dinah, pa rédíò. Ká ní ó nà mí ni, ǹ bá dúpẹ́. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí ọ̀nà Ìdìrókò, ó ń fi àtàǹpàkò pa kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, èmi ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó pè mí jókòó.

"Mo lè ní kí ó dúró," ó ní. "Ẹ̀tọ́ mi ni. Ìlù á dúró ní Àjàṣẹ́, èmi á dúró ní Ìlaròó, Rájí á máa kí aṣọ orí okùn. Tí bọ́dà bá wá ṣí, èmi á wọlé lọ máa ka ìwé ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ mi ò sì ní rí ojú mi." Ó mí kanlẹ̀. "Edith mọ Rájí. Nígbà tí ó ń ṣàìsàn, Rájí ló ń fi ẹja Àjàṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, kò sì jẹ́ kí n san án rí. Edith á bi mí léèrè."

Ó bọ́ okùn náà lọ́rùn. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀, funfun, bí àpá aago lọ́wọ́.

"Pe Toheebat."

Toheebat ń ta gàrí ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó. Ìhà kejì ni àwọn ará ìyá rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n fi ń bọ̀, àwọn ṣójà sì mọ̀ wọ́n. Mo rò ó wò, mo sì bi Bàbá bóyá èyí náà kì í ṣe fàyàwọ́. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe ẹrù. Ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ wé e, ó tún un wé.

"Kí Rájí ṣí ìlù náà kó tó lọ. Kí Gbọ́lá gbé fóònù sí i. Mo máa wò ó."

"Ẹ ní ọwọ́ yín ló máa ṣí i, Bàbá."

"Mo ní bẹ́ẹ̀."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó fá irùngbọ̀n, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi gbé àga sún mọ́ wa. Rájí yọ lójú fóònù, awọ funfun lójú rẹ̀ méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlù ẹlẹ́sẹ̀ náà wà ní itan rẹ̀, ó dú, ó dọ̀tí, ó lẹ́wà. Ó ń fi ìka wá àwọn bóòtù rẹ̀, ó ń tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn kò fẹ́ yí.

"Yí i sósì!" ni Bàbá pariwo. "Má fipá mú un! Gbé e sókè díẹ̀ ná!"

"Tíṣà, èmi ni mò ń ṣí i ni àbí ìwọ?"

Ọwọ́ Bàbá wà lókè, ìka rẹ̀ ká bí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú, ó ń yí afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Awọ ìlù gbéra. Gbọ́lá gbé fóònù sún mọ́ ọn. Nẹ́tíwọ̀kì sì lọ! Gbogbo ohun tó kù lójú fóònù ni imú Rájí, gọ̀ǹgọ̀, kò mira. A jókòó, a ń wo imú Rájí. Èmi tí mo lè fi imú yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ọdún kan, mi ò lè la ẹnu.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, fọ́tò wọlé sórí Wáásáàpù. Ó kọ́kọ́ rí bí ìkuukùu, ó wá ń là bọ̀. Pákó pupa rẹ́súrẹ́sú, lẹ́tà tíṣà tó dúró ṣánṣán. Bàbá kà á sókè:

"Edith ló di ìlù yìí. Micah náà gbìyànjú. 2-11-79."

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá tún un kà. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹ̀rín ọ̀dọ́kùnrin, ó ń fọwọ́ gbá itan.

"Micah náà gbìyànjú! Ẹ gbọ́ o! Máàkì ló fún mi! Mo sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni!"

"Kí lẹ rò pé èyí jẹ́, Bàbá?" ni ìyá mi wí, omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

Bàbá bi mí bí wọ́n ṣe ń mú kí ó tóbi. Mo fi ìka hàn án. Ó fẹ̀ ẹ́, ó fẹ̀ ẹ́, títí orúkọ Edith fi kún ojú fóònù.

"Ó máa ń tẹ pẹ́ńsù jù," ó ní. "Tí ó bá kọ̀wé sí ojú kan, wàá fọwọ́ kàn án lójú kejì." Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tọ lẹ́tà àkọ́kọ́, lọ, bọ̀. Ó tún un ṣe. "Ó ń dán," ó ní. "Kì í dán bẹ́ẹ̀."

Ìlù lọ sí Brussels. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, òyìnbó yẹn bi Gbọ́lá ní ìtumọ̀ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Gbọ́lá bi mí. Mo bi Bàbá.

"Sọ fún un pé obìnrin kan ló dì í," ni Bàbá wí. "Kí ó má tú u mọ́. Kò sí ẹni tó máa lè dì í bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyàwó mi, bá mi bu omi wá." Mo sáré, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo omi náà sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà ní ìparí ọdún, Sẹ̀mẹ̀ ni wọ́n ṣí. Ìdìrókò tiwa ṣì wà ní títì fún ọkọ̀. Bàbá ní kò burú. Ní oṣù kìíní, èmi àti òun yí gba Bàdágìrì, a lo gbogbo ọjọ́ lórí ọ̀nà tí kò ju ìrìn òwúrọ̀ kan lọ tẹ́lẹ̀. A bá Rájí lórí àpótí ní ẹnu ìsọ̀ rẹ̀, ó fi awò dúdú bojú. Ó bọ́ ọ. Ó wo Bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, ó pẹ́ tó ti ń wò ó.

"Tíṣà," ó ní, "o ti darúgbó!"

"Ta ló ní kí o lajú?"

"Irun rẹ dà?"

"Mo tà á fún òyìnbó."

Gbọ́lá jáde wá kí wa. Bàbá ti tú àṣírí mi fún wọn lórí fóònù tipẹ́. Bí ó ti rí mi, ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní, "Monsieur Bernard, ẹ kú àbọ̀. Ajá ńkọ́?" Mo mọ̀ pé mo ti rí ẹgbẹ́ mi.

Ó gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja wá fún àwọn àgbà méjèèjì nínú àwo kan. Rájí kò tètè bu òkèlè. Ojú tuntun rẹ̀ kò kúrò lára Bàbá.

"Ṣé o ò bínú sí mi?"

"Bínú kẹ̀?" Bàbá fọ ọwọ́ rẹ̀, ó gbọn omi rẹ̀ dànù. "Ó dùn mí ni, Rájí. Lójoojúmọ́ ló ń dùn mí, kò sì ní yéé dùn mí. Fa àwo yẹn sún mọ́ mi. Ẹja ìhà ọ̀dọ̀ rẹ tóbi jù."